Adìẹ Tí Kì í Kánjú: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Sísin Ẹ̀yà Adìẹ Àtijọ́ ní Ẹ̀yìnkùlé

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí dá lórí àwọn ẹ̀yà adìẹ àtijọ́, ìyẹn àwọn tó ti wà kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú adìẹ tó ń yára tóbi jáde. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ìtumọ̀ wọn padà.

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra òròmọdìẹ Plymouth Rock mẹ́wàá. Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 12 báyìí, síbẹ̀ bí mo bá gbé wọn, egungun àyà wọn a máa gún mi lọ́wọ́. Aládùúgbò mi tó ń sin bróílà ti pa tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ keje. Ṣé oúnjẹ tí mo ń fún wọn ni kò dára ni, àbí ẹni tó tà wọ́n fún mi ló rẹ́ mi jẹ? (Olùsìn Tuntun)

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ The Livestock Conservancy, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dáàbò bo àwọn ẹ̀yà ẹran ọ̀sìn tó ń tán lọ. Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ náà fi lélẹ̀, kí a tó lè pe adìẹ kan ní ẹ̀yà àtijọ́, akọ àti abo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gun ara wọn fúnra wọn kí ẹyin wọn sì pa, ó gbọ́dọ̀ lè pẹ́ láyé nínú afẹ́fẹ́ ìta, kò sì gbọdọ̀ tó ìwọ̀n tí a fi ń pa á ṣáájú ọ̀sẹ̀ 16. Èyí túmọ̀ sí pé àìkánjú tó ń kọ yín lóminú yìí gan-an wà lára ohun tó sọ adìẹ yín di ohun tó jẹ́.

Egungun àti ẹ̀yà inú ara ni irú adìẹ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń dàgbà sí, ẹ̀yìn náà ni ẹran tó ń bọ̀. Ní ti bróílà, ẹran ló ń ṣáájú, egungun a sì máa sáré tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn fi ń yarọ tàbí tí ọkàn wọn fi ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ kọjá ọjọ́ tó yẹ kí a pa wọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi tiyín wé ti aládùúgbò yín mọ́.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín adìẹ tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ àti èyí tó rù. Bí wọ́n bá ti wọ̀ lálẹ́, ẹ rọra gbé ọ̀kan, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó láyà. Egungun àyà yóò yọ, kò burú. Ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá tẹ́jú tàbí tó wú díẹ̀, ara rẹ̀ le. Bó bá jìn wọnú tí ìka yín fi rì sínú kòtò níhà méjèèjì, adìẹ náà rù nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí aràn wà nínú rẹ̀, tàbí kí àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní coccidiosis ti kọ lù ú, pàápàá bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Dókítà ẹran ni kí ẹ pè nígbà náà.

Ní ti oúnjẹ, èyí tí prótíìnì inú rẹ̀ tó ìdá 20 nínú 100 ló yẹ àwọn òròmọdìẹ títí di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ẹ tó dín in kù sí bí 16. Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí tó sì máa ń dùn mí: àwọn ènìyàn a máa fún adìẹ tí kò tíì yé ẹyin ní oúnjẹ àwọn tó ń yé. Kálísíọ̀mù tó wà nínú oúnjẹ yẹn pọ̀ púpọ̀ nítorí èèpo ẹyin, kíndìnrín adìẹ kékeré kò sì lè gbé e. Ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá rí ẹyin àkọ́kọ́, èyí tó máa ń tó oṣù márùn-ún sí méje lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí. Àwọn akọ tí ẹ bá fẹ́ pa, ẹ dá wọn sí títí di ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán, kí ẹ sì se wọ́n pẹ́ lórí iná tí kò le, nítorí ẹran wọn máa ń yi.

Ìbéèrè: Olóòtú, àkùkọ kan ṣoṣo ni mo ní, Rhode Island Red ni. Àgbébọ̀ mẹ́ta jẹ́ ẹ̀yà tirẹ̀, mẹ́ta yòókù jẹ́ Light Sussex, inú ọgbà kan náà ni gbogbo wọn sì wà. Nígbà tí ẹyin wọn pa, àwọn ọmọ kan pupa, àwọn kan funfun bí ẹni pò ó mọ́ yẹ́lò. Mo fẹ́ kí ẹ̀yà mi dúró láìní àbùlà. Kí ni kí n ṣe? (Ẹni Tó Fẹ́ Kí Irú Wọn Má Parun)

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ rí yẹn ní àǹfààní kan kí a tó wá sórí wàhálà rẹ̀. Bí àkùkọ Rhode Island Red bá gun àgbébọ̀ Light Sussex, àwọ̀ ọmọ ni yóò sọ bóyá akọ ni tàbí abo láti ọjọ́ tó pa: gbogbo akọ yóò funfun, gbogbo abo yóò pupa. Nítorí náà akọ ni gbogbo àwọn funfun tí ẹ rí. Àwọn pupa ni a kò lè dá mọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ tí àgbébọ̀ Rhode Island Red bí, t'akọ t'abo, pupa náà ni wọ́n. Àwọn adìẹ àbùlà wọ̀nyí dára púpọ̀ fún ẹyin àti ẹran, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún so àwọn náà pọ̀, àmì àwọ̀ yẹn kò ní ṣeé gbára lé mọ́, ìran tó bá sì tẹ̀ lé e yóò dà bí àkójọ èèyàn tó pàdé lójú ọ̀nà.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀yà dúró, ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni ìyàsọ́tọ̀. Ẹ yọ àwọn tó yàtọ̀ kúrò, kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ yà wọ́n kọ́ ni ẹyin wọn mọ́. Àtọ̀ àkùkọ a máa wà láàyè nínú ara àgbébọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn ó máa ń tó mẹ́ta. Fún ìdí yìí, bí àkùkọ ẹ̀yà mìíràn bá ti wà pẹ̀lú àwọn àgbébọ̀ yín rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo máa ń kà kí n tó kó ẹyin tí mo fẹ́ pa. Ẹyin tí wọ́n bá yé láàárín ìgbà yẹn, ẹ jẹ ẹ́. Ní tiyín, àkùkọ kan ṣoṣo tí ẹ ní ti mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn: bí ẹ bá mú Rhode Island Red, ẹyin àgbébọ̀ ẹ̀yà yẹn nìkan ni kí ẹ máa pa. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ mú ẹ̀yà kan kí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀, nítorí pé ọgbà ẹ̀yìnkùlé kì í gba ẹ̀yà méjì láìjẹ́ pé a bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ẹyin tó jẹ́ ti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni yíyan òbí, ibí sì ni iṣẹ́ gan-an wà. American Poultry Association, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìẹ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí bí ẹ̀yà adìẹ kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ kó rí jáde ní 1874, wọ́n sì gba Rhode Island Red wọlé sínú rẹ̀ ní 1904. Ìwọ̀n tí ìlànà náà là sílẹ̀ fún un ni pọ́ùn 8.5 fún àkùkọ, 6.5 fún àgbébọ̀. Ọ̀pọ̀ olùsìn ló ń fojú fo ìwọ̀n yìí, tó jẹ́ pé àwọ̀ ìyẹ́ nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n á wá ní adìẹ tó rẹwà, tó sì fẹ́lẹ́ bí ẹyẹlé. Lójú tèmi, ara ni kí a kọ́kọ́ yàn, àwọ̀ a tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹyin púpọ̀ pa, kí ẹ sì dá díẹ̀ sí nínú àwọn ọmọ. Èyí tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wọ́, tí àgógó rẹ̀ kò pàdé, tàbí tí ìrù rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má fi ṣe òbí, bó ti wù kó dán tó. Ẹ wọn àwọn tó kù ní ọ̀sẹ̀ 16, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí abo bá ti ń yé, ẹ gbé e, kí ẹ fi ìka wá egungun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀: láàárín wọn, ó yẹ kí ìka méjì tàbí mẹ́ta lè wọlé láìfipá, kí egungun náà sì rọ̀ lọ́wọ́. Àgbébọ̀ tó ti lé ní ọdún méjì tó ṣì ń yé dáadáa níye lórí fún mi ju ọmọge oṣù mẹ́jọ tí a kò tíì mọ ìwà rẹ̀ lọ, nítorí àwọn ẹ̀yà yìí lè yé fún ọdún márùn-ún sí méje.

Ewu tó tún wà ni pé ẹbí yóò máa gun ẹbí. Àgbébọ̀ mẹ́ta kéré. Ẹ wá díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ olùsìn mìíràn, kí ẹ sì pín wọn sí agbo ilé mẹ́ta, kí olúkúlùkù ní òrùka ẹsẹ̀ aláwọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin yóò máa jókòó sínú agbo ìyá wọn, wọn yóò sì máa gba òrùka rẹ̀. Àwọn akọ ni yóò máa ṣí: ọmọ agbo kìn-ín-ní a lọ sí èkejì, ti èkejì a lọ sí ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹta a padà sí èkíní. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, àbúrò kò ní gun ẹ̀gbọ́n, ẹ ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ tó nílò ẹ̀jẹ̀ tuntun láti ìta. Àkùkọ kan lè bójú tó àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí wọ́n bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa wo ẹ̀yìn wọn, nítorí èékánná rẹ̀ yóò bó ìyẹ́ wọn débi tí awọ yóò fi hàn.

Ìbéèrè: Orpington mi kan kò dìde lórí ìtẹ́ mọ́, kò sì sí ẹyin kankan lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́ sí i, á wú bí bọ́ọ̀lù, á sì máa kùn. Ṣé àìsàn ni? (Ẹni Tí Adìẹ Ń Bú)

Ìdáhùn: Ó ń sàba ni. Ọ̀pọ̀ adìẹ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti mú ìwà yìí kúrò lára wọn nítorí pé adìẹ tó ń sàba kì í yé, ṣùgbọ́n Orpington kò gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹyin tí àkùkọ ti wọ̀, tí kò lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tí a ti yé e, ẹ kó mẹ́wàá sí méjìlá sábẹ́ rẹ̀ ní alẹ́, nígbà tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ jà. Ọjọ́ 21 ni yóò fi pa. Ní bí ọjọ́ kẹjọ, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹyin nínú òkùnkùn: èyí tó ní ọmọ yóò fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, èyí tí kò ní yóò mọ́ gaara. Ẹ rí i pé ó ń dìde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti jẹun, láti mu omi, àti láti ya ìgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń tóbi tó sì máa ń rùn lákòókò yìí.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ọmọ, ẹ gbé e sínú àgò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáyà, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi, láìsí koríko kankan. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin máa ń tó kí ara rẹ̀ tó tutù kó sì gbàgbé ìtẹ́.

Ìbéèrè: Sussex mi tó ti pé ọdún méjì ti dá ẹyin yíyé dúró, ìyẹ́ kún gbogbo ilẹ̀ ilé adìẹ bí ẹni pé ìjà ṣẹlẹ̀. (Àgbà Olùsìn)

Ìdáhùn: Ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni, ó sì lè gbà á ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Prótíìnì tó ìdá 85 nínú 100 ni ìyẹ́ jẹ́, nítorí náà ẹ fi kún prótíìnì inú oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ má sì retí ẹyin. Bí ogbe rẹ̀ bá rẹ̀ dànù díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, àyàfi bí kò bá jẹun tàbí tó bá ń dá nìkan jókòó. Ẹ má gbé e láìnídìí lásìkò yìí, torí pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú gọ́ngọ́ ìyẹ́ tuntun tó ń hù, bí ọwọ́ bá sì kàn án, yóò dùn ún.