Èsì fún ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ra Range Rover sí ọ̀nà Kétu

Ẹ kú àjò o, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Mo ka ìbéèrè yín: ẹ wà ní Lyon, 12,000 euro wà nílẹ̀, ẹ rí fọ́tò Range Rover 2006 kan ní pákì tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Sèmè, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ fẹ́ kí àbúrò yín lọ gbé e wá kí ẹ lè máa fi rin Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Kétu nígbà ìsìnkú àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má fi gbogbo owó yẹn ra ọkọ̀. 12,000 euro tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.9 CFA. Lójú tèmi, ọkọ̀ fúnra rẹ̀, owó douane (owó aṣọ́bodè) àti nọ́ńbà, kí gbogbo rẹ̀ má kọjá mílíọ̀nù 5 lé díẹ̀. Kí ìyókù wà ní báǹkì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ọkọ̀ á fi rìn fún ọdún kan. Jíìpù àwọn ọlọ́lá tó ti ń lọ sí ogún ọdún, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀, ṣùgbọ́n iye ẹ̀yà ara rẹ̀ kò bá a já. Ẹni tó ná owó tán ní pákì, abẹ́ igi máńgòrò ni jíìpù rẹ̀ máa ń gbé.

Range Rover náà ńkọ́? Ó dùn ún wò, ó tún dùn ún jókòó sí, n kò ní parọ́. Èyí tí wọ́n ṣe láti 2002 sí 2012, orí afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lé. Tí 2006 yín bá jẹ́ V8 4.4 (sílíńdà mẹ́jọ, lítà 4.4), ẹ́ńjìnnì Jaguar ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìyẹn sì sàn ju ti BMW tó wà nínú àwọn tó ṣáájú, tí ike tó ń darí ṣéènì rẹ̀ máa ń gbó, á sì fọ́. Àmọ́ bí iná bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ní Pobẹ̀, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kò ní rí i fi sípánà tú, àfi ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ọ́n kà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà, Land Cruiser 100 tàbí Lexus LX 470 ni màá wá. Toyota ni àwọn méjèèjì, kò sì sí ìlú tí ẹ ó dé tí ẹ ò ní rí ẹni tó ti tú Toyota rí. Tó bá jẹ́ V8 4.7, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì. Bí kìlómítà bá ti ń sún mọ́ 150,000, àkókò rẹ̀ ti tó.

Ọjọ́ tí wọ́n bá máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí àbúrò yín mú mẹkáníìkì tirẹ̀ lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kí wọ́n dé ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì. Tí Range Rover bá sùn mọ́jú tí igun kan rẹ̀ sì wolẹ̀ ju ìyókù lọ, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan nìyẹn. Ti LX 470, epo kan tó wà lọ́tọ̀ (kì í ṣe èyí tí ẹ́ńjìnnì ń mu) ló ń gbé e sókè. Kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, kí wọ́n wo ibi tí epo dé nínú ike rẹ̀, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n tún wò ó. Bí ìyàtọ̀ bá kéré jọjọ, àwọn bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti kú, á sì máa gbo yín jìgìjìgì dé Kétu.

Kí àbúrò yín ya fọ́tò nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), oní-17, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. SAL ni ti Range Rover fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sí Google. Tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ lè bá fọ́tò ọjà gbàǹjo pàdé níbẹ̀, kí ẹ rí i pé ọkọ̀ tó ń dán yìí ti mu omi àgbàrá rí. Ti Amẹ́ríkà tún máa ń ka máìlì: 160,000 tó wà lójú mítà rẹ̀ ti lé ní 257,000 kìlómítà. Èyí tó bá ti London wá, ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ní ti ìwé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dá ìjà sílẹ̀: ṣé wọ́n ti san owó douane rẹ̀ fún Benin, àbí transit ni, ìyẹn ọkọ̀ tó kàn ń gba Benin kọjá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà ní àwọn pákì yẹn kò wá fún ilé wa, iye tí wọ́n sì ń pè kò ní douane nínú. Ẹ jẹ́ kí transitaire (ẹni tó ń bá ni ṣe ìwé aṣọ́bodè) fi gbogbo owó náà, TVA (owó orí ọjà) 18% pẹ̀lú, sínú ìwé kí ẹ tó dúnàádúrà. Carte grise (ìwé ọkọ̀), ANaTT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ojú ọ̀nà, ni ẹ ti máa gbà á. Kó jẹ́ orúkọ yín ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe ti àbúrò. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ogún ṣe máa ń rí nílé wa.

Epo ńkọ́? V8 yẹn á mu lítà 16 sí 18 ní 100 kìlómítà. Ẹ má sì gbójú lé kpayo (epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà) inú ìgò: láti oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì báyìí kò sì fẹ́ràn ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Ẹ fi fọ́tò nọ́ńbà 17 yẹn síbí lónìí tàbí lọ́la, a ó bá yín wò ó. Títí dìgbà yẹn, ẹ má fi fàráǹkà kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, bí onípákì tiẹ̀ sọ pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá gbé e.