Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Ìjọba Amẹ́ríkà Gbọ́dọ̀ Tọ́jú Ológun Tí Ọta Ìbọn Kò Bà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin péré ni ọkọ mi fi ṣe iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó sì lo ọdún kan ní Ìráàkì kí ó tó kúrò níṣẹ́ ní ọdún 2009. Ásímà ti wá mú un báyìí, owó ilé ìwòsàn sì ti wọ̀ wá lọ́rùn. Àwọn kan ní nígbà tí ọta ìbọn kò bà á, tí kò sì lo ogún ọdún, ìjọba kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ yín, ìyá wa, Ọlọ́run yóò fún un ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì máa ń dùn mí gan-an, nítorí òun ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ jókòó ti àìsàn sílé. Owó ìfẹ̀yìntì ni ogún ọdún wà fún. Ní ti ìtọ́jú, oṣù 24 láìdáwọ́dúró ni òfin sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ irú àwọn ọkọ yín, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé ìwà àbùkù ni wọ́n torí rẹ̀ lé e.

Ẹ wá ìwé ìkúrò níṣẹ́ ológun rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DD214, jáde. Àpótí 24 ni wọ́n kọ irú ìkúrò rẹ̀ sí. Ẹ wá wo àpótí 18 dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí pé ó lọ sí Ìráàkì, pẹ̀lú ọjọ́ tó débẹ̀ àti ọjọ́ tó kúrò. Ìlà kékeré yẹn ni yóò gbèjà yín. Nínú kòtò gbàǹgbà ni wọ́n ti ń dáná sun ike, táyà àti ìdọ̀tí ilé ìwòsàn ní ọ̀pọ̀ ibùdó ológun níbẹ̀, epo ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n sì fi ń tan iná náà, tí àwọn ọmọ ogun ń fa èéfín rẹ̀ símú tọ̀sán tòru. Nítorí náà ni òfin PACT, tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ṣe ní kí ìjọba gbà pé iṣẹ́ ológun ni ó fa ásímà tí dókítà bá rí lára ẹni tó sìn ní Ìráàkì láti ọdún 1990 síwájú, bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n rí i. Ọkọ yín kò ní láti wá ẹ̀rí pé èéfín náà ni ó fà á.

Ṣùgbọ́n gbèsè yìí kì í wá olówó rẹ̀ kiri. Ẹni tí a jẹ ní láti yọjú. Fọ́ọ̀mù 10-10EZ ni ó fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn VA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, 21-526EZ sì ni ti owó gbà-má-bínú. Ẹ má ṣe dúró de èsì owó kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú, nítorí láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tí irú èéfín bẹ́ẹ̀ bà lè forúkọ sílẹ̀ tààrà. Ní ti owó, ẹ kọ́kọ́ fi tó wọn létí pé ẹ fẹ́ béèrè. Bí ẹ bá parí ìwé náà láàárín ọdún kan, ọjọ́ ìfilọ̀ yẹn ni wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí wọ́n bá sì wọn ìpalára rẹ̀ dé ìdá 50 nínú 100, kò ní san owó kankan mọ́ fún ìtọ́jú tàbí oògùn lọ́dọ̀ wọn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí ìwé yìí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, bíi American Legion àti DAV, ní àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí tí wọ́n ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí èsì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọdún kan ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ní ti gbèsè ilé ìwòsàn tó ti wà lọ́rùn yín, ẹ má fi ọkàn sí i pé VA yóò san án, nítorí wọn kì í sábà san owó ìtọ́jú tí wọn kò fọwọ́ sí. Lẹ́yìn tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ tí ó sì ti ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn, bí èémí bá há a lóru tí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, ẹ rí i pé àjọ náà gbọ́ kí wákàtí 72 tó pé.