Ẹ̀gbẹ́ Wo Ni Kí N Jókòó Sí Nínú Bàálù Kí N Lè Rí Ilẹ̀ Dáadáa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Lóṣù kẹfà, mo fẹ́ wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Los Angeles. Ọ̀sán la ó gbéra ní àlọ, alẹ́ ni ti àbọ̀. Ìta ni mo fẹ́ máa wò. Ṣé fèrèsé èyíkéyìí ni mo lè mú?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ mú K ní àlọ, kí ẹ mú A ní àbọ̀, kí ẹ sì jìnnà sí apá bàálù. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù ńlá, A ni fèrèsé ọwọ́ òsì, K ni ti ọwọ́ ọ̀tún. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà, n kì í sì í jẹ́ kí oníbàárà tó fẹ́ wo ìta sanwó ìjókòó kí a tó yẹ ọ̀nà àti oòrùn wò.

Bí ẹ bá wo máàpù pẹlẹbẹ, ẹ ó rò pé orí òkun ni bàálù yóò gbà tààrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ na okùn láti ìlú kan sí èkejì lórí glóòbù: yóò gòkè sí àríwá, yóò gba gúúsù Grínlándì kọjá, yóò bọ́ sí Hudson Bay, apá òkun ńlá kan tó wọ inú ilẹ̀ Kánádà, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ òkè máa ń mú kí ọ̀nà yí díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà bàálù yín wá ibi tó gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí Flightradar24, ìkànnì tó ń fi ọ̀nà tí bàálù ń gbà hàn.

Oòrùn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ò sì í rò. Ní ọ̀nà yìí, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Bí bàálù bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, gúúsù bọ́ sí ọwọ́ òsì nìyẹn. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ á ní oòrùn lójú, gbogbo ibi tí nǹkan ti ha lára fèrèsé á máa tàn yanran, ilẹ̀ á sì funfun bí ẹni pé kùukùu bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní K, ẹ̀yìn yín ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ẹ ó rí àwọn òkè dúdú tó yọ orí jáde láàárín yìnyín Grínlándì, àti òkìtì yìnyín tó já bọ́ sínú òkun. Lóṣù kẹfà, yìnyín orí Hudson Bay ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ní gíga kìlómítà 11, bí ojú ọ̀run bá mọ́, ojú lè dé nǹkan bíi kìlómítà 370. Nítorí pé bàálù ń tẹ̀ lé oòrùn, ilẹ̀ ò ní ṣú títí ẹ ó fi dé. Ní ìbalẹ̀ pàápàá, ìlà-oòrùn ni wọ́n sábà máa ń gbà wọ Los Angeles, àárín ìlú á wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín.

Iwájú apá ni mo fẹ́ràn jù. Bí kò bá sí àyè níbẹ̀, ẹ lọ sẹ́yìn pátápátá, torí ooru ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ̀n lójú. Àwọn ìjókòó kan wà tó jẹ́ ògiri ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kì í ṣe fèrèsé. Àwòrán inú aeroLOPA, ìkànnì tó ń ya bí ìjókòó bàálù ṣe tò, á fi hàn yín.

Ní àbọ̀, A ló kọjú sí àríwá. Òru oṣù kẹfà níbẹ̀ kì í ṣú tán, ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí mọ́ fèrèsé kí iná inú bàálù má bàa hàn lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Heathrow lẹ ń balẹ̀ sí, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀tún ni àárín Lọ́ńdọ̀nù á wà, ẹ ò ní rí i. Síbẹ̀, màá mú òru àríwá yẹn ṣáájú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Boeing 787, bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń mú fèrèsé ṣókùnkùn, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù sì lè mú gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rọra bẹ̀ wọ́n. Kí ẹ sì tún yẹ ìjókòó yín wò nígbà tí ẹ bá ń ṣe check-in, torí bí wọ́n bá pààrọ̀ bàálù, orí apá gan-an ni ẹ lè bá ara yín.