Òfin wo ni ọlọ́pàá Kwara ń lò, kí sì ni ìtàn ń ṣe nínú rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ọlọ́pàá, Ìlọrin la ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe ọlọ́pàá ní Òṣogbo fún mi ní ìwé òfin tó kà nígbà tiẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti rí i pé felony (ẹ̀ṣẹ̀ ńlá), misdemeanour (èyí tó kéré sí i) àti simple offence (ẹ̀ṣẹ̀ kékeré) ni ẹ̀ṣẹ̀ pín sí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, olùkọ́ wa ní tí mo bá gbé ìyẹn dé kóòtù ní Kwara, wọ́n á dá mi padà. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Kí sì ni ìtàn tí wọ́n ní ká há sórí wà fún, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ la wá ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú oríire. Olùkọ́ rẹ jàre, ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ náà kò sì parọ́. Ilẹ̀ tí o bá dúró sí ló ń sọ òfin tí wàá lò, ìtàn tí o ń béèrè pé kí ló wà fún yẹn ló sì fà á.

Àríwá la ti jáde wá. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ lọ́jọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Kàdúná ni Ìlọrin àti Ọ̀fà wà, nígbà tí Òṣogbo wà lábẹ́ Ìbàdàn. Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tó wà nínú ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ, ni wọ́n ń lò káàkiri Nàìjíríà láti ọdún 1916. Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, Àríwá pa á tì, wọ́n gbé òfin ìwà ọ̀daràn tiwọn, Penal Code, jáde, ti Sudan ni wọ́n sì wò kọ ọ́. Ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1960 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òmìnira ku ọ̀la. Nígbà tí a kúrò lábẹ́ Kàdúná, a kò fi òfin náà sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, tí o bá wọ mọ́tò ní Ọ̀fà tí o sọ̀ kalẹ̀ ní Òkukù ní Ọ̀ṣun, o ti bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn ní Òkukù, murder ni wọ́n á kọ sí i lọ́rùn, abala 319 Criminal Code. Ní Ọ̀fà, culpable homicide punishable with death ni, abala 221 Penal Code. Penal Code kò pín ẹ̀ṣẹ̀ sí felony àti misdemeanour rárá. FIR (First Information Report, ìwé tí ọlọ́pàá kọ ẹ̀sùn sí) ni ọlọ́pàá fi ń gbé ẹjọ́ dé iwájú Májísíréètì níbí, charge sheet (ìwé ẹ̀sùn) ni tọ̀hún. Ọkùnrin kan sì lè wá bá yín ní káńtà pé ẹnì kan ń bá ìyàwó òun sùn. Ní Ọ̀ṣun, ọ̀ràn kóòtù ìbílẹ̀ nìyẹn. Níbí, abala 387 àti 388 Penal Code kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí òfin tàbí àṣà ìbílẹ̀ rẹ̀ bá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Má lé e padà; kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí o gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ.

Ìtàn iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà. Ọdún 1861 tí òyìnbó gba Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀ṣọ́ jọ. Ní 1888, Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, dá tiwọn sílẹ̀, Lọ́kọ́ja ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Lọ́kọ́ja yìí ni Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, kó wá ja Ìlọrin ní oṣù kejì ọdún 1897, tí wọ́n yin àgbá sí ìlú. Nígbà tó yá, inú wọn ni wọ́n ti yọ ọlọ́pàá Àríwá. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, ọdún 1930 ni wọ́n pa ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan. Ìlú ṣì ní dógárì àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tiwọn. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n fagi lé ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Louis Edet ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ní 1964.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín, wọ́n rán wọn wá ṣẹ́gun ìlú ni, wọn kò rán wọn wá ṣọ́ ọ. Òfin ọlọ́pàá tí òyìnbó ṣe ní 1943 ni a sì ń tún lò títí Police Act 2020 fi dé. Ìdí nìyẹn tí òfin tuntun fi kún fún ohun tí ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ ṣe. Ibẹ̀ ni kí o kà jù.

Ká ní alájàpá kan gbé iṣu láti Ṣàárẹ́ wá fún obìnrin kan ní Ọjà Ọba, kò rí owó gbà. Ó wá sí tèṣọ́n, ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun mú obìnrin náà. Gbèsè ni, abala 32 Police Act sì ní ẹ kò gbọdọ̀ torí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán mú ènìyàn. Tó bá jẹ́ pé irọ́ ni obìnrin náà pa gba iṣu náà láti ìbẹ̀rẹ̀, jìbìtì nìyẹn, ẹ lè wádìí rẹ̀. Síbẹ̀, tí ẹ kò bá obìnrin náà nílé, tí ẹ bá ọmọ rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ mú ọmọ dípò ìyá. Abala 36 ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ àwọn ìyá tó ti sùn sí àtìmọ́lé nítorí ọmọ tó sá lọ.

Tí o bá wá mú ènìyàn lọ́nà tó tọ́, abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni kó wà lórí rẹ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀. Láàárín wákàtí 24, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí ẹ fi mú un fún un, ní èdè tó gbọ́. Tó bá jẹ́ Fúlàní darandaran tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹ wá ògbufọ̀. Tí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré lẹ ní láti gbé e débẹ̀. Níbòmíràn, ọjọ́ méjì ni, kóòtù nìkan ló sì lè gbà pé kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ọ̀fà tàbí Ìlọrin, ọjọ́ kan péré ni. Nítorí náà, tí o bá ń kọ ọ́ sínú ìwé ní káńtà, wákàtí tí o mú un gan-an ni kí o kọ, kì í ṣe wákàtí tí ẹ dé tèṣọ́n.