Methanol kì í ṣe ethanol tó le jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni mò ń tà, ọtí ni mo fi ń rẹ egbò rẹ̀. Lọ́jà kẹ́míkà, wọ́n ta kẹ́ẹ̀gì kan fún mi tí wọ́n kọ “methanol” sí lára, “ethanol” sì ni mo máa ń rà. Owó rẹ̀ dín. Ẹni tó tà á ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé eléyìí kàn le jù ni, kí n bomi là á. Báwo ni kí omi náà ṣe pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Ẹ má bomi là á rárá, Màmá. Ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó, tí kò sì sí iná nítòsí. Bẹ́ ẹ bá ti tà nínú rẹ̀, ẹ wá àwọn tó rà á lọ lónìí yìí.

Inú ń bí mi sí ẹni tó sọ fún yín pé “ó kàn le jù ni.” Ethanol ló wà nínú ẹmu, bíà àti ògógóró. Bó bá dénú ẹ̀dọ̀, irú ohun tó ń mú kí ẹmu àná kan ló máa dà, ara á sì lò ó tán. Methanol, ẹ̀dọ̀ yẹn náà ló máa gbà á, àmọ́ kẹ́míkà inú fọ́málìn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ló máa kọ́kọ́ dà. Lẹ́yìn náà ló máa di ásíìdì kan tó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Ìwọ̀n mililita 10, bíi ṣíbí kékeré méjì, lè fọ́ni lójú. Ta ló fẹ́ fi omi wẹ ìyẹn kúrò? Ẹ da ife májèlé kan sínú garawa omi. Ẹni tó bá mu garawa náà tán ti mu ife yẹn tán.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ó tọ́ ọ wò. Imú àti ahọ́n ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó tún lè tó wákàtí 12 sí 24 kó tó jà, ẹni tó mu ún á rò pé ọtí àná ló ṣì ń dun òun lórí, àfi kójú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí ìgbà ọyẹ́. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà táwọn èèyàn ń fọ́jú tí wọ́n sì ń kú l'Óde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni.

Mi ò rí kẹ́ẹ̀gì yín o, orúkọ ara rẹ̀ ni mò ń bá wí. Ethanol gan-an tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ọ̀dà tàbí ìnulẹ̀ kò ṣeé mu, torí wọ́n máa ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti mu ún, ara ì báà ṣì máa yá a, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Epo pupa ò ràn án, mílíìkì ò ràn án. Oògùn tó ń dá a dúró wà, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà wà, bẹ́ ẹ bá tètè débẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà dání, kí dókítà lè fojú ara rẹ̀ rí lẹ́tà M yẹn.