Kí ni ìtumọ̀ "Monowi 1" tó wà lára pátákó?

Ẹnìkan bi mí léèrè nípa àwọn pátákó aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á kọ orúkọ ìlú síbẹ̀, wọ́n á tún kọ nọ́ńbà tẹ̀ lé e. Ó rí àwòrán ti Monowi, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, 1 péré ló wà níbẹ̀. Ó ní ṣé máìlì ni wọ́n ń kà ni, àbí ahoro ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Iye èèyàn ni. Mo mọ̀ pé yóò ṣàjèjì sí wa, nítorí a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Ẹ bi ìyá àgbà pé ọmọ mélòó ló bí, "Ọlọ́run ló mọye wọn" ni yóò fi dá yín lóhùn. Tàwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀: inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn ni kíkà èèyàn wà. Láti 1790 ni wọ́n ti ń kà á ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, òun ni wọ́n sì fi ń pín àga ilé aṣòfin. Ẹni tó fi ìlú ṣe ibùgbé nìkan ni wọ́n ń kà. Àlejò tó yà jẹun kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀bá òpópónà 12, lápá àríwá Nebraska, ni Monowi wà. Ojú irin ló mú un wáyé ní 1902, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí òdòdó lédè àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939, ó tó 150 èèyàn. Lẹ́yìn náà làwọn ọ̀dọ́ ń wáṣẹ́ lọ sílùú ńlá. Pósófíìsì tilẹ̀kùn ní 1967, ilé ẹ̀kọ́ náà tì ní 1974. Ní 1980, ó ku 18. Nígbà tó fi máa di 2000, tọkọtaya kan ló ṣẹ́ kù, Rudy àti Elsie Eiler. Rudy kú ní 2004, ó wá ku Elsie nìkan.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Obìnrin yìí kò jẹ́ kí ìlú kú mọ́ òun lọ́wọ́. Òun ni méyọ̀, òun ni akọ̀wé, òun ni akápò, òun náà ló tún ń dáná ní ilé ọtí tí òun àti ọkọ rẹ̀ tún ṣí ní 1971. Òun ló ń fún ara rẹ̀ níwèé àṣẹ ọtí títà, tó sì ń gba owó orí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Lọ́dọọdún, ó ní láti kọ ètò ojú ọ̀nà ìlú ránṣẹ́ síjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n lè fún un lówó iná ojú pópó mẹ́rin tí ìlú ní. Ìwé bíi 5,000 tí Rudy fi sílẹ̀ wà nínú ilé kékeré kan nítòsí, ó sọ ọ́ di ilé ìkàwé.

Nítorí náà, kì í ṣe ahoro. Ibi tí iná ti kú lórí ààrò, tí igbó ti bo ògiri, là ń pè ní ahoro. Ní Monowi, àwọn àgbẹ̀ agbègbè ṣì ń wa ọkọ̀ wá jẹun, wọ́n á jókòó ti Elsie, wọ́n á tàkúrọ̀sọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ìkànìyàn 2020 dà yín láàmú, torí 2 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Elsie ní òun nìkan lòun wà. Òfin ni kò gba àwọn aláṣẹ ìkànìyàn láyè láti tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì dá gbé ìlú, bí ẹ bá ti ka ìlú ẹ ti ka òun náà nìyẹn: ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á hàn síta. Ni wọ́n bá ń mọ̀ọ́mọ̀ yí nọ́ńbà àwọn ìlú kéékèèké padà díẹ̀. A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ tiwọn rèé, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ṣe é. Ẹnì kejì tó wà nínú ìwé yẹn, kò síbi tó ń sùn ní Monowi.