Màgasíìnì Wo Ló Yẹ AR-15 Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Houston ni mò ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra AR-15 tó ń lo ọta 5.56, òun sì ni ìbọn àkọ́kọ́ tí mo máa ní. Màgasíìnì (àpò líle tí ọta ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń kì bọ inú ìbọn) kan ṣoṣo ló bá a wá. Nígbà tí mo lọ ra sí i, oríṣiríṣi ni mo bá: onírọ́bà, onípáànù, èyí tó ń gba ọta 10, 20, 30, títí dé èyí tó rí roboto bí ìlù tó ń gba 60. Owó wọn ò jọra rárá. Èwo ni mo lè fọkàn tán, mélòó ni mo sì nílò?

Ìdáhùn: Ẹ ra onírọ́bà líle mẹ́rin tó ń gba ọta 30, ẹ fi méjì tó ń gba ọta 20 kún un. Kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tí àwọn ológun ti lo ọjà rẹ̀ pẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà sára wọn, kí ẹ sì dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gbà pé ó dára. Màgasíìnì ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ lára irú ìbọn yìí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn a sì máa rò pé ìbọn fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà kò mọ irú ìyọnu yìí: ó kì í, ó yìn ín, ó tún kì í.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Màgasíìnì ní ara, ó ní sípíríǹgì nínú, ó ní ìdérí ní ìdí. Lórí sípíríǹgì ni pẹpẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní follower, òun ló ń ti ọta sókè. Lókè pátápátá ni ètè méjì tó di ọta òkè mú títí irin tí wọ́n ń pè ní bolt á fi wá gbá a wọnú ọ̀pá ìbọn. Tí ètè bá ṣí jù, tí sípíríǹgì bá rọ̀, tàbí tí follower bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìbọn á há.

Fífì yẹn ní ìtàn. Nígbà tí Eugene Stoner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ArmaLite ń ṣe AR-15 ní àwọn ọdún 1950, màgasíìnì kúkúrú tó tọ́ gbọnrangandan ni wọ́n gbẹ́ ihò tí màgasíìnì ń wọ̀ lára ìbọn náà fún. Ọta 5.56 kò tọ́ bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, ìdí rẹ̀ fi díẹ̀ fẹ̀ ju apá iwájú rẹ̀ lọ. Ẹ to 20 léra, ẹ ò ní fura. Ẹ to 30, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ológun wá ní àwọn fẹ́ èyí tó ń gba 30, ihò ìbọn ti wà bó ṣe wà, kò ṣeé yí padà mọ́. Ni wọ́n bá ṣe màgasíìnì tí òkè rẹ̀ tọ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ́. Ibi tí títọ́ àti wíwọ́ ti pàdé yẹn ni follower ti máa ń kọsẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó dé kọ̀rọ̀, ó fì síwájú, ọta náà sì forí kọlẹ̀. Ẹ wo màgasíìnì AK, gbogbo ara rẹ̀ ló wọ́ láti òkè délẹ̀ torí pé wọ́n ti ro ti ọta mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà yanjú rẹ̀. Nínú àwọn onípáànù àlùmíníọ̀mù ti ológun, wọ́n ń pààrọ̀ follower: dúdú ni ti àtijọ́, aláwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, ní 2009 wọ́n mú aláwọ̀ iyanrìn jáde, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tí kì í jẹ́ kó fì. Tí ẹ bá rí onípáànù tí follower rẹ̀ dúdú tàbí tó jẹ́ aláwọ̀ ewé níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ẹ fi sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Magpul gba ọ̀nà kejì ní 2007 pẹ̀lú màgasíìnì tí wọ́n pè ní PMAG: rọ́bà líle ni, inú rẹ̀ sì wọ́ geere láìní kọ̀rọ̀ kankan. Ní ìparí 2016, àwọn Marine ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GEN M3 fún lílò. Èyí ni mo máa ní kí ẹ mú. Ti ilé iṣẹ́ Lancer náà dára, irin ni wọ́n fi ṣe ètè tirẹ̀, rọ́bà ni ìyókù. Àwọn onípáànù tuntun tí Okay Industries ń ṣe náà ṣeé fọkàn tán.

Òwe wa sọ pé ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdajì òwe náà ló bá a mu. Lóòótọ́, ẹ sá fún èyí tí owó rẹ̀ kéré débi tí ẹnu fi ń yani. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù kì í ṣe èyí tó wọ́n jù: nǹkan bíi dọ́là 12 sí 20 ni ojúlówó. Èyí tó rí bí ìlù, tó ń gba 60 tàbí 100, wọ́n gan-an, àmọ́ bí ọta ṣe ń pọ̀ sí i ni sípíríǹgì ń gùn sí i, tí ohun tó lè há ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń rà. Ẹ sì ṣọ́ra lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn màgasíìnì ìbọn ìṣeré wà tí wọ́n jọ ti gidi bí ìbejì.

Kí ni 20 wà fún? Nígbà tí ẹ bá jókòó sídìí tábìlì níbi ìdánrawò tàbí tí ẹ dojú bolẹ̀, ìdí ti 30 á máa kan tábìlì tàbí ilẹ̀, á sì máa ti ẹnu ìbọn sókè. Ti 20 ni ẹ máa fi ṣe gbogbo iṣẹ́ títún ojú ìwòran ìbọn ṣe.

Ó ku ìdánwò, iṣẹ́ gidi sì nìyí. Ẹ fi ọ̀dà funfun kọ 1 dé 6 sídìí wọn. Láìsí ọta kankan nítòsí, kí ẹ ti fojú àti ìka yẹ inú ìbọn wò pé ó ṣófo, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú síbi tí kò léwu, ẹ ki màgasíìnì òfìfo bọ̀ ọ́, kí ẹ fa ọwọ́ ìkọ́bọn sẹ́yìn dópin. Bolt gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn fúnra rẹ̀, torí follower ló ń ti ìkọ́ tó dá a dúró. Ẹ tẹ bọ́tìnnì: màgasíìnì gbọ́dọ̀ jábọ́ láìjẹ́ pé ẹ fà á. Ẹ ṣe é fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Lẹ́yìn náà, níbi ìdánrawò, ẹ kún ọ̀kan pẹ̀lú 30, kí ẹ tì í wọnú ìbọn nígbà tí bolt wà níwájú. Ẹ tì í, kí ẹ sì fà á. Tó bá já sọ́wọ́ yín, kò wọlé dáadáa. Ohun tó fà á ni pé abẹ́ bolt ń tẹ ọta òkè mọ́lẹ̀, àyè gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ kó lè rọ̀ díẹ̀. Èyí tí kò bá ní àyè yẹn, ẹ máa fi 28 sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ológun kì í fi kún tiwọn dẹ́nu. Kí ẹ wá yin ìkún kan tán nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún fi ọta kan ṣoṣo sínú rẹ̀ láti wò bóyá bolt á dúró sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá yìn ín tán. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju ọta 170 lọ. Owó ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọta tí ẹ máa yìn náà ni.

Tó bá há, ẹ wo bó ṣe há kí ẹ tó yọ ọ́. Ọta méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ètè ti ṣí. Bolt kọjá lórí ọta láìgbé e, tàbí ó gún un láàárín: sípíríǹgì kò tètè ti ọta sókè, tàbí màgasíìnì ò wọlé dópin. Imú ọta tẹ̀ sísàlẹ̀: follower ti fì. Bolt kò dúró sẹ́yìn nígbà tí ẹ yin ọta ìkẹyìn tán: ẹ má tíì dá màgasíìnì lẹ́bi. Ibi tí nọ́ńbà ti wúlò nìyí. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 3 nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà 3 ló jẹ̀bi. Tí gbogbo wọn bá ń ṣe é, afẹ́fẹ́ tó ń ti bolt sẹ́yìn kò tó, ọta yín ò lágbára, tàbí ìbọn fẹ́ òróró; màgasíìnì tuntun ò ní yanjú ìyẹn.

Ohun kan wà tó lè pa yín lára gidi. Ọta .300 Blackout ń lo màgasíìnì kan náà pẹ̀lú 5.56, ó sì máa ń wọ inú ìbọn 5.56 nígbà mìíràn. Orí rẹ̀ tóbi ju ihò ọ̀pá lọ, tí ẹ bá yìn ín, ìbọn á fọ́ sí yín lójú. Bí ẹ bá ra ìbọn .300 lọ́jọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kí màgasíìnì rẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, kí ọta méjèèjì má sì wà lórí tábìlì kan náà láéláé.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku jáde, kí ẹ dá a padà. Ẹ má fi òróró sínú rẹ̀, eruku ló máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ pé ká má fi ọta sínú màgasíìnì pẹ́ kí sípíríǹgì má baà kú, kò rí bẹ́ẹ̀: kíkún àti títú léraléra ló ń gbó sípíríǹgì dáadáa, kì í ṣe ìdúró. Níbi tí ọmọ kékeré bá wà, àpótí onítìípa ni ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.

Texas kò fi òpin sí iye ọta inú màgasíìnì. New York, New Jersey àti California fi í sí 10, Maryland kò sì gbà kí wọ́n ta èyí tó ju 10 lọ, ẹ rántí bí ẹ bá fẹ́ lọ kí ẹbí. Bí ẹ bá ń lọ sílé, sí Nàìjíríà, ẹ yẹ gbogbo igun báàgì wò. Ẹni tó fi báàgì ìdánrawò di ẹrù Èkó lè gbàgbé màgasíìnì kan sínú àpò ẹ̀gbẹ́, kódà bó ṣófo, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni.

Èyí tí ètè rẹ̀ bá ti là tàbí tí ara rẹ̀ bá ti ya, kò ṣeé tún ṣe. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìdánrawò lásán, á padà bọ́ sáàárín àwọn tó dára. Ẹ fi òòlù tẹ ètè rẹ̀ fọ́ kí ẹ tó jù ú sí pàǹtírí, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lọ.